Jáàkì gígùn ẹ̀yìn Hilux: ibo ni kí n dè é mọ́ tí kò fi ní fò mọ́?

Ọmọ Òkèhò

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó pa ọmọ ọlọ́mọ.

Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo ń wà, 2012. Òun ni mo fi ń lọ sí oko kajú wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko Òkè-Ògùn mọ̀ pé tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọkọ̀ kì í rìn níbẹ̀ mọ́, ó ń lúwẹ̀ẹ́ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra jáàkì gígùn, onírin tóóró tí wọ́n lu ihò sí lára látòkè dé ìsàlẹ̀, tí èèyàn á máa fi apá rẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù gòkè. Ínṣì 48 ni tèmi. Ó ti yọ mí nínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, n kò lè bú u.

Àmọ́ n kò rí ibi fi í sí. Ó wúwo tó kílò 13, ó sì ga ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Rọ́bà túùbù ni mo fi ń dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, bí ẹni so ewúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo já sínú kòtò kan tí àgbàrá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, rọ́bà já. Jáàkì dìde, ó fi orí gbá gíláàsì ẹ̀yìn, gíláàsì fọ́ yángá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó síbẹ̀. Bí ìka mẹ́rin ló kù kí irin yẹn kàn án lórí. Ó ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ pé, "Bọ̀dá, jáàkì yín fẹ́ wọlé wá bá wa jókòó." Èmi kò tíì rẹ́rìn-ín.

Wẹ́dà àdúgbò ní kí òun gbé e kọ́ rọ́ọ̀lùbà, páìpù tó ń dán lẹ́yìn kábíìnì yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló dáa. Ẹlòmíì ní orí káríà. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Wẹ́dà

Ọmọ mi, kú orí ire. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dárúkọ fún ọ, má ṣe ọ̀kankan.

Rọ́ọ̀lùbà yẹn, fi èékánná ta á kí o gbọ́ bí yóò ṣe dún. Bí agolo mílíìkì ni. Wọ́n fi ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ni, wọn kò ṣe é kó gbé ẹrù. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bòòtù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló fi dúró lórí páànù. O lè lọ ra bòòtù tó nípọn bí àtàǹpàkò, kò kàn án. Bòòtù kọ́ ló máa ń já, páànù ló máa ń ya. Èyí tí mo ti lẹ̀ pọ̀ nínú irú ẹ̀ fún ọdún 30 tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò lè kà á.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí, ó ń pa dé, o tún fẹ́ so irin mọ́ ọn. Orí káríà ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́ sínú kòtò, ta ni yóò gùn ún nínú òjò lọ gbé kílò 13 sọ̀kalẹ̀? Ẹrù òkè sì ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dojú dé.

Ìdí ògiri iwájú, nínú ẹ̀yìn ọkọ̀, lẹ́yìn kábíìnì gan-an ni kí o tẹ́ ẹ sí, kí ó dùbúlẹ̀ ní ìbú. Ínṣì 48 gba ibẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ méjì fún un, irin mílímítà 6, kí ọ̀kan di ọwọ́ ọ̀tún mú, kí èkejì di ọwọ́ òsì. Tó bá jẹ́ ojú kan lo fi dè é, yóò máa jù síwá sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì tú bòòtù ara rẹ̀.

Bòòtù mílímítà 12, kí o rí i pé wọ́n tẹ 8.8 sí orí rẹ̀, àmì pé irin rẹ̀ le nìyẹn. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú. Wọ́ṣà kékeré kò tó lábẹ́ páànù. Gé irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ó gun irin ìdábùú tó gbé ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì ní ebè àti poro bí oko iṣu. Inú poro ni kí o lu ihò sí. Tí o bá fún bòòtù lórí ebè, ebè á rì, bòòtù á sì dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Kí o tó gbé dírílù, wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ: táǹkì epo, páìpù bíréèkì, wáyà. Má sì jẹ́ kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì í mọ́ páànù. Èmi wẹ́dà ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Iná á jó ọ̀dà, ẹ̀gbẹ́ ojú wẹ́dìn á dógùn-ún, ibẹ̀ náà ni yóò ti là.

Akin Texas

Òótọ́ ni Bàbá sọ nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Jeep Wrangler ni mo ń wà níbí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé sípíà táyà. Mo wá fi jáàkì kún un. Kò tó ọdún kan tí mo ti ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn sókè kó tó pa dé. Nígbà tí mo yọ táyà, mo rí ẹ̀là tín-ín-rín bí irun orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè ilẹ̀kùn. Mo ti kó méjèèjì lọ sára bọ́ńpà irin.

Ẹ̀gbọ́n Òkèhò, ẹ má gbàgbé apá jáàkì. Òun ló máa ń dún títí orí èèyàn á fi fọ́. Ẹ fi rọ́bà há a mọ́ irin gígùn rẹ̀. Ẹ fi àpò bo ibi tí pín-ìn-nì àti sípíríǹgì wà, ẹ má sì kun ún ní gíríìsì, torí iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣe mí rí: jáàkì gòkè tán, ó ní òun kò sọ̀ mọ́. Omi ni mo fi ń fọ̀ ọ́ báyìí, tó bá gbẹ, mo fín WD-40, epo inú agolo yẹn, sí i.

Ìyá Oníkajú

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti gbàgbé olè. Bòòtù tí sípánà kan lè tú, ẹ ti fi ta á lọ́rẹ nìyẹn. Ẹ fi àgádágodo kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ o! Tèmi dógùn-ún, ẹrẹ̀ tún dí i. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọkọ̀ rì, jáàkì ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ọkọ mi fi ayùn irin rẹ́ àgádágodo yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Ọmọ Òkèhò

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ńpà ẹ̀yìn tèmi, kúróòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ṣé kò léwu tí mo bá fi jáàkì gbé e?

Bàbá Wẹ́dà

Yóò ká. Wá irin gidi tó ti ara ṣásí wá, kí o sì fi pákó sí abẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì kó má baà rì. Tí o kò bá pọ́ọ̀ǹpù, na apá rẹ̀ dúró mọ́ irin gígùn rẹ̀. Apá yẹn lè ta padà kó fọ́ àgbọ̀n èèyàn, pàápàá tí o bá ń sọ̀ ọ́.

Ọmọ Òkèhò (ọjọ́ kẹsàn-án)

Mo ti ṣe é o. Wẹ́dà wa bínú díẹ̀ pé dírílù ni mo ní kó gbé wá, pé èmi àti àwọn ará íntánẹ́ẹ̀tì mi.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé sàmì sí ojú mẹ́rin, mo bá wọ abẹ́ ọkọ̀ bí Bàbá ṣe wí. Àmì kan wà lórí táǹkì epo gan-an. Òógùn tútù bò mí. Ká ní mo ti jẹ́ kó lù ú ni! A sún gbogbo rẹ̀ sí òsì tó ìbú ọwọ́ méjì. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ wa, wẹ́dà ní kí n fi nọ́ọ̀tì méjì gun ara wọn. Mo kọ̀, mo wa ọkọ̀ dé Ìsẹ́yìn. A gé ara táyà àtijọ́ tẹ́ sáàárín irin àti irin.

Mo tún ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọmọ mi fa ìlà ọ̀dà funfun kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sórí irin pẹlẹbẹ, ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo lọ sí oko, mo bọ̀. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìlà mẹ́ta ṣe gbọọrọ bí mo ṣe fà wọ́n. Ẹ̀kẹrin ti já ní àárín, apá kan ti yẹ̀ díẹ̀. Mo tú u, mo rí i pé mo ti di ẹrẹ̀ gbígbẹ mọ́ abẹ́ irin níbẹ̀. Mo ha á dànù, mo fún un padà, mo fa ìlà tuntun. A ti lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, kò yẹ̀.

Páálí ṣì ni mo fi dí ojú gíláàsì ẹ̀yìn. Jáàkì kò mà dún mọ́ rárá. Àṣé ariwo rẹ̀ ló ti ń bo ti ṣọ́kì ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Èyíinì náà ti kú.