Ilẹ̀ abẹ́ òkun yọ̀ ni, kò wó

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Orúkọ Yorùbá là ń wá fún kí ẹrẹ̀ rẹpẹtẹ tó wà nísàlẹ̀ òkun ṣí kúrò lójijì, kó lọ sí ibi tó jìn. Ẹ̀gbọ́n wa ará Kétu ní ká pe ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun Nọ́wè ní "òkè wíwó", aǹtí wa ní Sábẹ̀ẹ́ ní "ọ̀gbàrá abẹ́ òkun". Ẹ má bínú, èmi ò gbà.

Ohun tó dúró ṣánṣán ló ń wó, bí ògiri, bí igi. Ní Storegga, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun Nọ́wè yẹn, ilẹ̀ abẹ́ omi ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú ni, kò ju bíi digírì 1 tó fi dagẹ̀rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 8,150 sẹ́yìn ẹrẹ̀ tó lọ níbẹ̀ lè kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 14, ìgbì rẹ̀ sì gun orí ilẹ̀ dé Scotland.

Yìnyín ayé ijọ́un ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ń rìn bí odò, ó ń ha ilẹ̀, ó ń ti ẹrẹ̀ àti òkúta wá sí bèbè, ó ń dà á lé amọ̀ rírọ̀ lórí kíákíá débi pé omi inú amọ̀ ò ráyè jáde. Omi tó há yẹn ló wá ń ru ẹrù, amọ̀ ò lágbára mọ́. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ilẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ ti tẹ̀ wọlẹ̀ ń gbéra padà, ìyẹn ń fa ìmìtìtì ilẹ̀, àwọn tó ṣèwádìí ibẹ̀ sì gbà pé ó jọ pé ìmìtìtì ló tì í lọ.

Mo ti rí kékeré ẹ̀ l'Àjàṣẹ́ níbí. Ìbátan mi kan da yanrìn kámíọ̀ mẹ́ta sórí ẹrẹ̀ etí ọ̀sà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀ tó tẹ́jú o, nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọgbà ti sún síwájú, ẹrẹ̀ ti ru sókè lódìkejì, omi ń sun lára ẹ̀. Másọ̀n tó wò ó ní "ilẹ̀ ti yọ̀".

Ọ̀rọ̀ aǹtí wa kò ṣòfò ṣá. Lọ́dún 1929, nítòsí Newfoundland, erékùṣù kan ní Kánádà òde òní, ẹrẹ̀ tó yọ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì di ọ̀gbàrá lóòótọ́, ó já wáyà tẹlígíráàfù 12 tó gba ìsàlẹ̀ òkun. Àmọ́ yíyọ̀ ló ṣáájú.

Nítorí náà "ilẹ̀ yíyọ̀ abẹ́ òkun" ni tèmi. Ẹ má jẹ́ ká kọ "ìyọ̀ ilẹ̀" o, ẹni tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ á kà á sí iyọ̀ ọbẹ̀, inú òkun náà la sì wà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi àwọn àgbà Kétu: kí ni wọ́n ń pe amọ̀ tó mumi yó tí kò jẹ́ kó jáde?