Ibo ni ọmọ kẹ́mísírì ti lè ṣe IT n'Íbàdàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin tó ń ka kẹ́mísírì ń wá ibi tó máa ti ṣe IT olóṣù mẹ́fà, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe níléeṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan fẹ́ gbà á, àfi bí wọ́n ṣe ní títà ni yóò máa bá wọn tà. Ṣé ìyẹn ni yóò kọ sínú logbook, ìwé tó yẹ kó máa kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sí? Ó wù ú kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe titration (fífi kẹ́míkà kan wọn bí òmíràn ṣe pọ̀ tó nínú omi), kó mọ bí HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà inú nǹkan olómi sọ́tọ̀, ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é ní IITA (iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) tàbí CRIN (iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó), ta lẹ kọ lẹ́tà sí? Ṣé wọ́n ń fúnni lówó ọkọ̀? Bódìjà sí Ìdí-Ayùnrẹ́ tí CRIN wà kì í ṣe kékeré o!