Ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé: àgádágodo nìkan kò gba ọ̀gá lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n

Amòfin, Ìlọrin
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá ẹni tó ti ilé-iṣẹ́ pa lè dèrò ẹ̀wọ̀n: ó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa. Apá 27 òfin NESREA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká) ti 2007 ka títú ohun olóró sórí ilẹ̀, sínú omi tàbí afẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ẹnì kan á san owó ìtanràn tí kò ju N1,000,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 5 lọ. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, N50,000 tún ń gorí ìtanràn tirẹ̀ lójoojúmọ́ tí nǹkan náà bá fi ń jò. Òfin ọ̀hún sì mú ẹni tó wà nídìí àkóso mọ́ ọn, àfi tó bá fi hàn pé òun ò mọ̀, tàbí pé òun sa gbogbo ipá òun láti dènà rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe ni yóò jẹ́rìí fún un níbẹ̀. Ẹni tó bá wá kó drọ́ọ̀mù ìdọ̀tí olóró lọ dà sóko olóko, òfin 1988 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú Koko ló máa bá a wí: ẹ̀wọ̀n gbére ni.

Ẹńjíníà, Ọ̀ffà
Ẹ̀rù àwọn tó ń ṣa irin kóńdẹ́ẹ̀mù ló ń bà mí. Táǹkì dísù tí wọ́n ní ó ti gbẹ ni kí ẹ sá fún. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ á di ooru nígbà tí iná wẹ́dà bá kàn án, á sì bú gbàmù. Ẹ fa epo jáde, ẹ kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣí ojú rẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Páìpù ni wọ́n máa ń gbàgbé. Títi fáàfù kò tó, torí rọ́bà inú rẹ̀ á gbẹ, á máa jò. Ẹ tú páìpù náà, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ dí ojú rẹ̀, kí ẹ de nọ́ọ̀tì irin náà pinpin.

Tiransifọ́mà àtijọ́ lè ní PCB, ìyẹn kẹ́míkà olóró kan, nínú òróró rẹ̀. Àwọn olè kọ́pà á da òróró ọ̀hún sílẹ̀, tàbí kí wọ́n rọ ọ́ sí kẹ́ẹ̀gì lọ tà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò nílẹ̀. Tí PCB inú rẹ̀ bá ti pé 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan), ẹ má kà á sí epo àlòkù mọ́.

Òṣìṣẹ́ sefutí, Ìlọrin
Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí ìgò ṣe kún tàbí bí pépà ṣe nípọn. Àwọn kan ń lo èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, NNRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ohun tó ní ìtànṣán olóró, ló sì ń fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀. Ní Goiânia, ní Brazil, ilé ìwòsàn kan kó lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ní èròjà ìtànṣán olóró sílẹ̀. Ní 1987 àwọn tó ń ṣa irin gbé e, wọ́n fọ́ ọ, èèyàn 4 sì kú.

Amòfin, Ìlọrin
Ẹni tó béèrè iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi palẹ̀ ohun olóró mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé-iṣẹ́ pa: ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, òfin tó wà láti 1996 ní kí ìwé tó sọ pé iṣẹ́ ti dúró tẹ ìjọba àti panápaná lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 30 tí iṣẹ́ bá dúró. Láàárín ọjọ́ 90, kí táǹkì, páìpù àti tiransifọ́mà ti gbẹ tàbí kí wọ́n ti kúrò, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Ó wù mí kí ilé aṣòfin Kwara ṣe irú rẹ̀.

Ẹńjíníà, Ọ̀ffà
Kí ẹ tó fa epo kankan, ẹ kọ́kọ́ dí gọ́tà tó lọ sódò, bí odò Asà ní Ìlọrin. Kí mẹ́gáàdì máa yí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ká, torí ẹ̀yìn lolè ń gbà wọlé. Ẹ kọ ìkìlọ̀ sára ògiri ní Yorùbá àti Hausa, pẹ̀lú àwòrán agbárí fún ẹni tí kò mọ̀wé.