Bíléèdì tọ́báìnì tínú ẹ̀ ṣófo: kí la lè fi mú un le sí i?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Ifẹ̀ níbí la ti ń ṣe bíléèdì (abẹ̀bẹ̀) kékeré kan fún tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ máa ń yí, kábọ́ọ̀nù fáíbà (òwú kábọ́ọ̀nù tó le) àti epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń le gbagidi) la fi ṣe awọ ẹ̀, inú ẹ̀ ṣófo kó lè fúyẹ́, àmọ́ tó bá ti ń yí kíákíá awọ méjèèjì á máa ṣí kúrò lára wọn, pàápàá nídìí. Ti etí iwájú ò dà mí láàmú, a ó fi irin bò ó bíi ti GE90, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú tó lo irin titanium. Ṣé ká ki fóòmù sínú ẹ̀ ni àbí ká fi òwú kábọ́ọ̀nù rán awọ méjèèjì pọ̀? Rírán yẹn wù mí gan-an, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ tó lè já fáíbà ló ń bà mí. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.