Ẹ̀ta irin ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe ohun tí òyìnbó ń pè ní spatter nídìí irin jíjó (wẹ́dìn), ìyẹn kóró irin yíyọ́ tó ń fò jáde, ní "ìfọ́nká irin". Ẹlòmíràn ní "ìdàrọ́" ti wà nílẹ̀, kí ló dé tí a ó tún máa wá òmíràn? Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Mo máa ń jó irin ní ẹ̀yìnkùlé mi ní ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe òun ni mo fi ń jẹun, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ìdàrọ́ ò bá a mu. Èèpá tó ń bo ojú ibi tí a jó, tí a ń fi òòlù gbá kúrò kí irin tó dán jáde lábẹ́ rẹ̀, òun ni orúkọ yẹn yẹ. Ohun tí à ń wí yìí jẹ́ kóró wẹ́wẹ́ tó fò jáde látinú irin yíyọ́, tó bà sí ẹ̀gbẹ́ ojú iṣẹ́, tó sì lẹ̀ pinpin. Fi èékánná ha á, kò ní mira. Ìpẹ́pẹ́ iná ń kú sójú afẹ́fẹ́, èyí kì í lọ. "Ìfọ́nká" náà ò sọ nǹkan kan nípa lílẹ̀ yẹn. Iyanrìn ń fọ́n ká, èrò ọjà ń fọ́n ká.

Nígbà òjò tó kọjá, mo gbàgbé páálí rọ́ọ̀dù 6013, irú ọ̀pá irin eléèpo tí a fi ń jó irin, sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nígbà tí mo mú un jó irin ojú fèrèsé, kóró kún gbogbo rẹ̀ bí èéwo. Ajórin àdúgbò wa tó ń kọjá lọ dúró wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ta jù. Rọ́ọ̀dù yín ti fa omi. Iná yín náà sì ti pọ̀ jù."

Ó ń *ta*. Ohun tí ẹni tó ń dín dòdò ń sọ gan-an nìyẹn. Omi tó wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ á di ooru lójijì, á gbé epo sókè, epo á ta síni lọ́wọ́. Omi inú rọ́ọ̀dù ń ṣe irin yíyọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Mo ṣí páálí tuntun, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò, mo dín iná ẹ̀rọ kù láti ámpíà 110 sí 80 fún rọ́ọ̀dù onímìlímítà 2.5, mo sì sún ẹnu rẹ̀ mọ́ irin débi pé àlàfo àárín wọn ò ju ìnípọn rọ́ọ̀dù lọ. Èyí tó ta lẹ́yìn ìyẹn ò tó nǹkan.

Nítorí náà, *ẹ̀ta irin*. Omi kán, a ní ẹ̀kán omi. A gé iṣu, a ní ègé iṣu. Irin ta, ẹ̀ta irin ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀ta ni a fi ń ka mẹ́ta kò parọ́, ṣùgbọ́n "irin" tó tẹ̀ lé e ti là á. Ẹtà inú igbó sì rèé, ohùn tirẹ̀ yàtọ̀.

Ó ku oògùn tí wọ́n ń fọ́n sára irin kí a tó jó o. Ẹnì kan pè é ní "adẹ́kun ẹ̀ta", ṣùgbọ́n kì í dẹ́kun rẹ̀. Irin á ṣì ta. Kò kàn ní lẹ̀ ni. Mo ń rò ó bóyá "amẹ́tabọ́" á dára. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?