Ta ló kọ́kọ́ sọ ìtàn odò Ọ̀ṣun fún yín?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ tirẹ̀ lónìí. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1986 ni, mo wà ní pírámárì fáìfù, Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé ìwé ìjọ ni mò ń lọ, kò sì jìnnà sí ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun. Tísà ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá dé etí odò yóò jẹ ẹgba mẹ́fà. Wọn ò sọ ìdí. Àwa mẹ́ta mú ìwọ̀ àti ekòló, a gba ẹ̀yìn ilé ìwé já lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹja inú odò yẹn kì í sá fún èèyàn! Wọ́n ń wá bá ọwọ́ bí adìẹ ilé. A ò tíì fa ẹyọ kan jáde tí ìyá àgbàlagbà kan fi yọ sí wa, ó ró aṣọ funfun, idẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó ti parí.

"Ọmọ ta ni yín?" A dárúkọ bàbá wa. "Àtáọ́ja tí bàbá yín ń dọ̀bálẹ̀ fún, kí ni ìtumọ̀ oyè rẹ̀?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá bá ní ká jókòó sílẹ̀.

Wọ́n ní láti Ìpólé ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti wá, ọ̀dá omi ló lé wọn kúrò ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣán etí odò Ọ̀ṣun láti tẹ̀dó, igi ńlá kan wó sínú omi, ni ohùn kan bá sọ látinú odò: "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ fọ́ tán!" Ẹ ò rí i, ìyá yẹn pariwo rẹ̀ bí aláró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ba ọjà rẹ̀ jẹ́, bíi pé àná ni ìkòkò fọ́. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n sún sókè kúrò létí omi, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú. Láróòyè na ọwọ́ méjèèjì, ẹja ńlá kan fò sí i lọ́wọ́. A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, òun ló di Àtáọ́ja.

"Ẹ̀yin wá fẹ́ fi ìwọ̀ gbà á." Wọ́n gba ìwọ̀ wa, wọ́n ní ká máa lọ.

Ẹgba mẹ́fà náà sì pé, ẹ má bínú. Ní ilé ìwé kan náà, a mọ Mungo Park àti odò Ọya lórí bí omi. Odò tó wà lẹ́yìn ilé wa kò sí nínú ìwé.

Ìyá Ìbejì Ọ̀nà Ìbòkun:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Èmi ò nílò ìyá kankan, ọ̀nà Ìbòkun ni wọ́n bí mi sí, ojú ọ̀nà náà ni ilé Àdùnní Olórìṣà wà. Susanne Wenger ni wọ́n sọ ọ́ ní Austria, ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà. Tí mo bá rí i tó ń kọjá, tìróò dúdú lójú rẹ̀, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń sá sí. Bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà, á ní kí n fojú sílẹ̀ wò ó, pé bíríkìlà bíi tòun ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó yẹn. Wọ́n ti ń gé igbó náà, wọ́n ti fẹ́ máa tà á, kí àwọn yẹn tó fi ère àti ògiri dí i. Ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO, àjọ àṣà àgbáyé, gbà á sí ara ogún àgbáyé ní 2005. Àdùnní kú ní January 2009.

Àwọn ère Ọjà Oǹtótóo tó wà nínú igbó yẹn, mo gbàgbọ́ pé wọ́n máa ń rìn lóru. Mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ yí ọkàn padà.

Ọmọ Àgùdà:
Tèmi yàtọ̀, inú ìtìjú ni mo ti kọ́ ọ. Ní 2014, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa lọ ṣàdúrà ní Ewu, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì Benedict. Àwọn ará Ireland ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1979. Agogo á dún kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á kọ sáàmù, wọ́n á lọ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á tún padà wá kọrin. Wọ́n tún ń ṣe àgbo tà, èyí tí Fadá Anselm Adodo bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Àgbo tí wọ́n ń torí ẹ̀ bá ìyá mi wí nìyí, nínú ike tó ní lébẹ́ẹ̀lì!

Mọ́ńkì kan bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Òṣogbo. Ó ní, "Háà, ìlú olódò! Sọ ìtàn rẹ̀ fún wa." Ẹnu mi wọ́. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọ̀nà máa ń dí pa ní oṣù Ògọ́sì torí ọdún Ọ̀ṣun. Bí mo ṣe dé ni mo lọ bá bàbá mi àgbà. Wọ́n ní ká tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì, ká tó mọ rélùwéè tó dé ní 1907, inú igbó níbi ojúbọ Ọ̀ṣun ni ààfin àkọ́kọ́ wà.

Akin Elérò:
Ẹ ò mẹ́nu ba omi náà. Ní 2022, mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbi ọdún, ìyá mi ló rán mi. Ìjọba ti ń kìlọ̀ pé ká má mu ún, torí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà. Mo pọn ọ́n dé ilé. Ìyá mi tú u sínú àwo funfun, ó dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Omi yìí ni wọ́n fi gbé oyún mi. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò ó títí ó fi silẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Akin, ẹja yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń wá bá ọwọ́?

Akin Elérò:
Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí ọwọ́ mi gan-an.