Ṣé kí n máa san owó yúníọ̀n lọ nígbà tí ẹni tí ò san náà ń jẹ àǹfààní ẹ̀?

ỌmọỌ̀tà_82
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ìparí oṣù tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí torí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ láàárín yín. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ọ̀tà ni mo wà, ìdí máṣíìnì tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá, ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ 1,400 náírà lówó mi fún yúníọ̀n, "check-off dues" ni wọ́n máa ń kọ sórí pay slip, mi ò sì bèèrè nǹkan kan rí. Lọ́dún yìí yúníọ̀n àti mánéjímẹ́ǹtì jókòó, wọ́n fi owó kún owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ wa, wọ́n tún fi kún ti ṣíftì alẹ́, inú gbogbo wa dùn. Àfìgbà tí ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà nídìí máṣíìnì kan náà na pay slip tiẹ̀ sí mi, kò sí check-off níbẹ̀ rárá! Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti èṣí pé kí wọ́n má yọ tòun mọ́. Iye tí wọ́n fi kún tèmi náà ni wọ́n fi kún tiẹ̀, kọ́bọ̀ ò dín. Mo wá ṣírò ẹ̀, 1,400 lọ́nà méjìlá, 16,800 ni. Owó yẹn á ra ìwé fáwọn ọmọ mi. Ṣé kí èmi náà kọ lẹ́tà ni? Mi ò fẹ́ ṣe ohun tí màá padà kábàámọ̀.

Ìyá Ìbejì Agége
Àbúrò mi, má kọ lẹ́tà kankan. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ. Tiransifọ́mà àdúgbò wa jó, oṣù mẹ́rin la fi wà nínú òkùnkùn, ẹgbẹ́ onílé ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú 25,000 wá. Gbogbo wa san, àfi ilé méjì. Nígbà tíná dé, ó dé ilé àwọn náà, torí wáyà kan náà ló ń gbé e kiri, ta ló fẹ́ gun òpó lọ já tiwọn? A gbójú kúrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e nǹkan míì tún bàjẹ́ lára ẹ̀, ilé mọ́kànlá ni ò san nígbà yẹn, kálukú ń sọ pé ṣebí lágbájá ò san níjọ́sí tíná sì tàn nílé ẹ̀. Owó ò pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹja títì tí mo kó sínú fírísà láti tà jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó o dànù, òórùn ẹ̀ ò tètè kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ ń ṣe nìyẹn. Owó tí ìwọ san ló ń jẹ lára ẹ̀. Tí gbogbo yín bá wá kọ lẹ́tà bíi tiẹ̀, ta ló máa lọ jókòó síwájú mánéjà nígbà míì?

Bàbá Akọ̀wé
Mo ṣe akọ̀wé ẹ̀ka yúníọ̀n fún ọdún mẹ́jọ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé tí wọ́n bá ti forúkọ yúníọ̀n sílẹ̀ tí wọ́n sì gbà á wọlé, kí ọ̀gá iṣẹ́ máa yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà nínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tí ò bá fẹ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ò ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré nìyẹn o. Ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà yàtọ̀, àwọn gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kí wọ́n tó lè yọ kọ́bọ̀ lówó wọn, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ti sọ èyí léraléra. Òfin yúníọ̀n ti ọdún 2005 náà sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́. Torí náà ọ̀rẹ́ ẹ ò rú òfin. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tó yẹ ọmọlúàbí.

Bàbá tó bí mi lọ́mọ ṣiṣẹ́ réluwé ní Èbúté Mẹ́ta, ó wà nínú ìyanṣẹ́lódì 1945, ìgbà ayé Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ réluwé. Ọjà ti gbówó lórí nítorí ogun, òyìnbó ò fẹ́ fi nǹkan kan kún owó wọn. Ó lé lóṣù kan tí wọ́n fi jókòó sílé láìgba kọ́bọ̀, ó máa ń sọ fún wa pé gàrí tí ìyá wa rà láwìn ni wọ́n ń mu láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń tẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí wọ́n sì fi owó kún un níkẹyìn, ó dé ọwọ́ àwọn tó yọ́ wọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Lójú tiwa yìí ńkọ́? Ní 2024 ìjọba ní 60,000 lòun lè san fún owó oṣù tó kéré jù, NLC àti TUC, àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹfà, oṣù keje ló tó di 70,000. Ẹni tí ò san owó ẹgbẹ́ rí láyé ẹ̀ ń gbà á.

Káyọ̀dé_Ṣàngótẹ̀dó
Ẹ má bínú sí mi ẹ̀yin àgbà, èmi ti kọ lẹ́tà tèmi, mi ò sì kábàámọ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lé casual, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn ò gbà síṣẹ́ pátápátá, bí ọgọ́ta dànù, àwọn kan nínú wọn ti lo ọdún márùn-ún, wọn ò fún wọn ní nǹkan kan. A wá alága yúníọ̀n lọ, wọ́n ní ó wà ní ọ́fíìsì mánéjà. A dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, nígbà tó jáde ó ní ká lọ máa ṣe sùúrù, pé casual kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n fi alága yẹn ṣe súpáfáísọ̀. Owó wa tí wọ́n ń yọ láti ọjọ́ yìí wá, ẹnì kan ò fi ìwé ìṣirò ẹ̀ hàn wá rí, àfi fìlà àti tíṣáàtì lọ́jọ́ May Day. Ṣé irú ìyẹn ni kí n máa fi owó ọmọ mi bọ́?

Nọ́ọ̀sì Chicago
Káyọ̀dé, ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí gan-an, mi ò ní sọ pé o jẹ̀bi. Ọsibítù ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ní Illinois, ìpínlẹ̀ yìí gan-an sì ni ẹjọ́ ńlá kan lórí irú owó yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ò wọ ẹgbẹ́ níbí máa ń san díẹ̀ fún iṣẹ́ tí yúníọ̀n ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù, láti 1977 ni kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí irú ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mark Janus ní òun ò fẹ́, nǹkan bíi dọ́là 45 ni wọ́n ń yọ lówó ẹ̀ lóṣù. Ní 2018 adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá a láre, owó yẹn sì parí fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba. Àmọ́ yúníọ̀n ṣì gbọ́dọ̀ ṣojú ẹni tí ò san tí wọ́n bá ń dúnàádúrà, ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Èmi ṣì ń san. Lọ́dún kan wọ́n ní mo fún aláìsàn lóògùn tí kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n pè mí wọ yàrá kan, ènìyàn mẹ́rin jókòó sí apá ọ̀hún, èmi nìkan lápá tèmi, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Obìnrin tí yúníọ̀n rán wá ló fa àga ẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní kí wọ́n gbé ìwé tí a ń kọ oògùn sí wá ká jọ wò ó. Ìwé yẹn ló gbà mí sílẹ̀, ẹlòmíì ló buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, mi ò ní rántí bèèrè ẹ̀, ẹkún ni mi ò bá máa sun.

ỌmọỌ̀tà_82
Ẹ ṣeun gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀, mo tún kà á fún ìyàwó mi. Mi ò ní kọ lẹ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, torí àwa náà ò rí ìwé ìṣirò kankan rí láti ọdún mẹ́fà. Ìpàdé ẹ̀ka wa á wáyé lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ dìde bèèrè níwájú gbogbo ènìyàn. Bàbá Akọ̀wé, báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀ tí wọn ò fi ní sọ pé mo fẹ́ da ẹgbẹ́ rú?

Bàbá Akọ̀wé
Má dá nìkan dìde. Wá ènìyàn mẹ́rin márùn-ún, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ fún akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ iye tó wọlé lọ́dún tó kọjá, iye tí ẹ̀ka mú, iye tó lọ sí orílé iṣẹ́. Ọdọọdún ni òfin ní kí yúníọ̀n fi ìṣirò owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, nítorí náà ìwé ẹ̀ wà níbì kan. Tọ ọ̀rẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà yẹn náà lọ, bóyá nítorí èyí ló ṣe kúrò.

Káyọ̀dé_Ṣàngótẹ̀dó
Ọmọ Ọ̀tà, tí wọ́n bá fi ìwé yẹn hàn yín lóòótọ́, jọ̀ọ́, padà wá sọ fún mi.